Kí Ojú Ṣáájú Ọ̀bẹ

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ta ló fẹ́ túmọ̀ òwe yìí fún ará Ìkirè àti Àpòmù? Ìlú oko kòkó ni méjèèjì, wọ́n sì súnmọ́ra débi pé àlejò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ lè má mọ̀gbà tó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì. Àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé bí ìkórè ńlá bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, èéhù ìdí kòkó gbọ́dọ̀ kúrò.

Síbẹ̀, ọ̀gá nínú oko lè mú ọgbọ́n kan náà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó fi ba igi òdòdó Ixora inú ìkòkò jẹ́. Ara ìtí àti ẹ̀ka tó ti gbó ni kòkó ti ń yọ òdòdó. Ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun ni Ixora ń gbé tirẹ̀ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa: láàárín ewé méjì tó wà lókè pátápátá, ẹ óò rí ohun tíntìntín kan tó dì jọ bí orí ìṣáná. Òdòdó tí à ń retí nìyẹn. Ẹni tó gé e torí pé igi náà rí wúruwùru ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ẹwà sọnù.

Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbà tí òdòdó Ixora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tán ni kí ọ̀bẹ kàn án, lókè oríkèé ewé. Igi òdòdó mìíràn, bougainvillea, fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀rùn ní tirẹ̀. Ewé lohun pupa tó ń dán lára rẹ̀ yẹn; òdòdó gan-an ni funfun kékeré tó wà láàárín. Ẹ jẹ́ kí ewé pupa náà já sílẹ̀, kí òjò sì bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, kí ẹ tó rẹ́ ẹ.

Ó ń dùn mí pé ìyára la ń pè ní iṣẹ́ dáńtọ́ lóde òní. Ẹni tí àánú kò sì jẹ́ kó gé nǹkan kan rárá kò sàn ju ẹni tó ń fi ìkánjú gé e lọ: igi rẹ̀ á ga gogoro, ìsàlẹ̀ á pá, òdòdó méjì péré á wà lókè tójú kò tó. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́. Gbòǹgbò inú ìkòkò kò ríbi wá omi lọ, nítorí náà kí gígé má ju ìdá kan nínú mẹ́ta igi lọ, kí a má sì ṣe é nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, ìwọ̀nba ni, àti omi.

Ẹ̀ka bougainvillea tó ti le díẹ̀ tí ẹ gé, ẹ má dà á nù. Ẹ gé e ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ tì í bọ ilẹ̀ tútù lábẹ́ ibòji, kí aládùúgbò yín náà rí tirẹ̀ gbìn.