Ìpẹ̀tẹ̀ Pupa Ésáù àti Súìtì Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kò ga, kò sì jìn. Ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọdé ń fi owó kékeré ọwọ́ rẹ̀ rà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú kékeré wò ó, kí ó ṣí Gẹ́nẹ́sísì orí 25, láti ẹsẹ 29 títí dé 34, kí ó sì rí bí àwo oúnjẹ kan ṣoṣo ti yí ìtàn odidi ìdílé kan padà.

Ohun kan wà nínú ìtàn náà tí a sábà máa ń fò dá. Nígbà tí Ésáù ti inú ìgbẹ́ dé, tí àárẹ̀ ti mú un, kò béèrè orúkọ oúnjẹ tí ó wà lórí iná. Kò béèrè ohun tí a fi sè é. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó fi pè é: èyí tí ó pupa nì ni ó ń fẹ́. Láti ara ọ̀rọ̀ náà ni a ti ń pè é ní Édómù, èyí tí í ṣe pupa. Ó di ẹsẹ 34, lẹ́yìn tí ó ti búra, tí ogún ìbí ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí Ìwé Mímọ́ tó sọ fún wa pé ẹ̀wà wẹ́wẹ́ lásán ni ó wà nínú ìkòkò náà. Ojú ni ó fi rà á. Ẹ̀yìn tí ó ti san owó tán ni orúkọ ọjà tó dé.

Láìpẹ́ yìí, a dúró lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí agogo ìparí ti lù. Àwọn ọmọ tú jáde bí eéṣú, wọ́n sì rọ̀gbà yí ìyá kan ká tí ó gbé igbá súìtì kalẹ̀ lábẹ́ igi. A tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dárúkọ ohun tí ó fẹ́ rà. “Ẹ fún mi ní pupa!” “Èmi, aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́!” Nígbà tí wọ́n rà á tán, wọ́n yọ ahọ́n síta láti mọ ti ẹni tí ó pọ́n jù. A súnmọ́ ìyá náà, a kí i, a sì bi í léèrè ohun tí ó mú súìtì náà pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, èmi náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá pọ́n, wọn kì í rà á.” A kò bínú sí i, nítorí òtítọ́ ni ó sọ, àti nítorí pé lára ọjà náà ni òun náà ti ń san owó ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà lọ sílé, ìtàn Ésáù ni ó ń dún ní ọkàn wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹlẹ́dàá tí ó ta òṣùmàrè sójú ọ̀run ni ó fi pupa sára ẹyìn, tí ó sì fi ìyeyè sára ọsàn tí ó pọ́n. Àwọn ìyá wa pẹ̀lú mọ bí a ti ń fi àwọ̀ ṣe oúnjẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Epo pupa ni ó fún ààdùn ní àwọ̀ rẹ̀. Ṣúgà àti àgbọn tí a yọ́ lórí iná títí ó fi dúdú ni bàbà dúdú. Poroporo ọkà bàbà ni àwọn tí ń ṣe wàrà fi ń pa á láró. Ìsápá pupa tí a rẹ sínú omi ni sobo. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò wọn, wọn yóò nawọ́ sí i fún yín nínú oko. Ẹni tí ó sè é mọ ohun tí ó fi sè é.

Aró tuntun tí ó gba ayé kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Perkin, ń wá ọ̀nà láti fi ohun tí a rí nínú ọ̀dà èédú ilẹ̀ ṣe kuníìnì, oògùn ibà tí gbogbo wa mọ̀. Kò rí kuníìnì. Aró elésè àlùkò ni ó rí. Láti inú ọ̀dà èédú, àti lẹ́yìn náà láti inú epo rọ̀bì, ni àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ọ̀pọ̀ aró mìíràn. Aṣọ ni a kọ́kọ́ fi wọ́n pa, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọ inú oúnjẹ, nítorí owó wọn kò pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó láti sọ odidi ìkòkò di pupa.

Ní ọdún 1950, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ súìtì aláwọ̀ ọsàn. Aró tí ó wà nínú rẹ̀, Orange No. 1, jẹ́ èyí tí òfin ti fọwọ́ sí nígbà náà. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southampton dán àpòpọ̀ aró mélòó kan àti ohun tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́ wò lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Wọ́n rí i pé ara àwọn ọmọ náà kò balẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Láti oṣù Keje 2010, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé oúnjẹ tí ó bá ní ọ̀kan nínú aró mẹ́fà kan gbọ́dọ̀ ní ìkìlọ̀ lára pé ó lè ba ìfọkànsí àwọn ọmọdé jẹ́. Ní oṣù Kíní 2025, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fòfin de aró pupa tí à ń pè ní Red No. 3 nínú oúnjẹ, wọ́n sì fún àwọn aṣoúnjẹ ní àyè títí di oṣù Kíní 2027 láti yọ ọ́ kúrò. Aró yìí ti fa àrùn jẹjẹrẹ lára akọ eku tí a fi í bọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kí a sọ òtítọ́ pẹ̀lú: àwọn aláṣẹ náà wí pé ọ̀nà tí ó gbà ṣe é lára eku kò rí bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn, ṣùgbọ́n òfin wọn kò fàyè gba ohunkóhun tí ó bá fa àrùn yìí lára ẹranko. Nítorí náà a kò wí pé súìtì pupa kan ṣoṣo yóò pa ọmọ. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn tí ó ní ilé àyẹ̀wò ńláńlá ti ń béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwa má béèrè?

Ti ilé wa tún wúwo ju ti súìtì lọ. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ̀ àti Èmùré, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ wa bí epo ti í pọ́n. Síbẹ̀ àwọn oníwọra kan wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń da aró tí à ń pè ní Sudan sínú epo pupa, kí èyí tí ó ti ṣá lè dàbí tuntun. Ìda àti ìpara bàtà ni irú aró bẹ́ẹ̀ wà fún. A kò gbà á láàyè nínú ohun tí ènìyàn ń jẹ. Ní 2015, àwọn aláṣẹ oúnjẹ àti oògùn ní Gánà kéde pé wọ́n rí Sudan IV nínú epo tí wọ́n rà ní àwọn ọjà Àkírà. NAFDAC tiwa náà ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ta ni nínú wa sì lè gbàgbé ìparí 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, nígbà tí oògùn eyín ọmọdé kan, tí a fi ohun dídùn tí kì í ṣe ti ẹnu pò, pa ọmọ 84 ní ilẹ̀ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkòkò mìíràn, èyí tí ó wà ní Gílígálì, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4, láti ẹsẹ 38 dé 41. Ẹni tí ó já èso ìgbẹ́ wá sínú ọbẹ̀ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1858. Ẹni tí ó ń ṣe súìtì ránṣẹ́ lọ ra ìyẹ̀fun olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń lú ṣúgà. A ṣì í wọ̀n fún un, májèlé arsenic ni ó gbà. Nǹkan bí ogún ènìyàn kú, àwọn tí ó ṣàìsàn sì ju 200 lọ. Kò sí ẹni tí ó gbèrò ikú. Àìmọ̀ àti ojúkòkòrò ni ó pàdé nínú ìkòkò kan. Ṣùgbọ́n ní Gílígálì, àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ ké. Wọn kò tijú pé àwọn yóò ba àsè jẹ́. Bí Èlíṣà sì ti gbọ́, kò fọ́ ìkòkò, kò sì lé ẹni tí ó já èso náà jáde. Ó bu ìyẹ̀fun sí i, ọbẹ̀ náà sì di ohun jíjẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹni tí ó yẹ kí ó ké. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ka ara ìwé tí a fi wé súìtì, bí wọ́n ti ń ka ìwé àkọ́kà wọn. Kí wọ́n wá orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ibi tí a ti ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Kí wọ́n mọ̀ pé E102, E110 àti E129 jẹ́ orúkọ aró, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà tí a wí lókè. Èyí tí kò bá ní orúkọ kankan lára, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, ẹ má ṣe lé obìnrin abẹ́ igi náà. Ẹ bá a bu ìyẹ̀fun sí ìkòkò rẹ̀. Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti gbé ẹ̀pà, ọsàn, àgbọn àti ààdùn wá sínú igbá rẹ̀, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọmọ tirẹ̀ má baà pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ìwàásù wa. Nígbà ìkórè àwọn ọmọdé pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ohun tí ìjọ yóò pín jẹ́ èyí tí ìjọ lè dárúkọ rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, a ti bú Ésáù pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó se ìpẹ̀tẹ̀ náà? Jákọ́bù mọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Ó rí ebi lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi ebi náà ṣòwò. Ésáù dàgbà, ó sì ní ẹnu láti béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní in. Nítorí náà, bí a bá ta ara líle ọmọ, tí í ṣe ogún ìbí rẹ̀ láti ọwọ́ Ọlọ́run, nítorí èrè tí kò tó nǹkan, kì í ṣe ọmọ náà ni ó tà á. Àwa àgbà ni. Àwọn baba wa sì ti wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Olúwa tí ó gba àwọn ọmọdé mọ́ra fún wa ní ojú tí ń wo inú ìkòkò, ẹnu tí ń ké ní àkókò, àti ọwọ́ tí kì í lú ọjà. Àmín.