Ẹni tí ó ní kí a rọra

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ìbéèrè kan ni, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn: nígbà tí ìlú bá ń dàgbà, tí gbogbo ènìyàn sì ń kígbe pé kí a tún ìjọba rẹ̀ ṣe, ǹjẹ́ ọ̀rẹ́ ìlú ni ẹni tí ó ní kí a rọra, tàbí ọ̀tá rẹ̀? Ọmọ Àfìn-Àkókó ni mí; nítorí náà ilẹ̀ Àkókó ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, ṣùgbọ́n mo rò pé kò sí ìlú Yorùbá kan tí ìbéèrè náà kò kàn.

Ẹ mọ irú olùdíje tí mo ní lọ́kàn. Bí àsìkò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, tí àwọn yòókù ń ṣèlérí bí ẹni ń da omi sílẹ̀, òun kì í ṣèlérí púpọ̀. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí àgbẹ̀ onikòkó tí ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú rí. Ohun tí ó máa ń sọ kò ju mẹ́rin lọ. Èkínní, kí a má ṣe dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ nígbà tí èyí tí a ní kò tíì ṣiṣẹ́. Èkejì, kí a má ṣe ná owó tí kò tíì wọlé. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní orúkọ ìdàgbàsókè kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe wó àṣà tí ó ń gbé ìlú ró, àfi bí a bá ti rí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ a bú sẹ́rìn-ín, wọn a ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni bàbá yìí.

Kí a tó bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ṣe àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, 301 ni gbogbo wọn. Ní 1989 wọ́n di 449. Ní 1991 wọ́n di 589. Ní 1996 wọ́n di 774, iye yìí náà ni ó sì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999. Láàárín ogún ọdún péré, iye náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Kí olúkúlùkù wá bi ara rẹ̀ léèrè: ǹjẹ́ omi ẹ̀rọ pọ̀ ní ìlọ́po méjì? Ǹjẹ́ oògùn tí ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré, tàbí ọ̀nà oko tí ọkọ̀ lè gbà nígbà òjò, di ìlọ́po méjì? Ohun tí kò sí àní-àní pé ó pọ̀ sí i ni alága, káńsẹ́lọ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn. Bí a bá bu iyán odó kan sí àwo méjì, iyán kò di odó méjì. Àwo ni ó pọ̀ sí i, àti ẹni tí a ó gbà láti máa fọ̀ ọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni ìwé òfin mọ̀. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti Àkókó, ìyẹn Àríwá Ìlà Oòrùn tí Ìkàrẹ́ jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn tí ó ń jókòó ní Òkèàgbè, Gúúsù Ìlà Oòrùn tí ó wà ní Ìsùà, àti Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn tí ó wà ní Ọ̀kà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin tí ó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 33 mìíràn sílẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè di 51. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ fagi lé e. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ọ̀nà tí ìwé òfin là sílẹ̀ fún dídá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ gùn gan-an: àwọn aṣojú agbègbè náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè, àwọn ará ibẹ̀ yóò dìbò sí i, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yòókù ní ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò sì gbà á wọlé, lẹ́yìn èyí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá gbọ́dọ̀ ṣe òfin kí tuntun náà tó wọ inú àkọsílẹ̀. Èkó gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2003, wọ́n dá 37 kún 20 tí wọ́n ní. Ìjọba àpapọ̀ dá owó wọn dúró ní 2004. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ náà sọ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti há owó náà mọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun wọ̀nyẹn kò tíì pé títí Àbújá yóò fi ṣe òfin tirẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ó dà bí ẹni pé bàbá wa ti jàre. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán, nítorí ẹjọ́ ẹnìkan dùn, a kì í sì í fi í dájọ́. Kí ni ó ń mú kí ìlú kékeré máa béèrè ìjọba tirẹ̀? Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan. Ilẹ̀ Àkókó kì í ṣe ìlú kan tí ó ní ọba kan. Àwọn òkè ni ó pín wa, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ọba tirẹ̀, àṣà tirẹ̀, nígbà mìíràn èdè tirẹ̀ pẹ̀lú, tí ará ìlú kejì kò gbọ́. Ẹni tí ó bá ti ìlú kékeré wá mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti máa gbọ́ lọ́dọọdún pé ìlú ńlá ni a kọ́ ọjà fún, ìlú ńlá ni a gbẹ́ kànga fún, tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá ní kí a dá òun dúró, ohun tí ó ń béèrè gan-an ni pé kí ẹnìkan rí òun. Ẹni tí ó kàn dá a lóhùn pé kí ó rọra kò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Àkùngbá. Nígbà tí ìparí ọdún 1999 dé, tí a kó yunifásítì ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní ti Adékúnlé Ajásin lónìí wá síbẹ̀ láti Adó-Èkìtì, ìlú àgbẹ̀ ni Àkùngbá. Kò pẹ́ tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ fi bo ilẹ̀ tí iṣu ń hù lórí rẹ̀. Ìlú dàgbà, owó wọlé, ẹni tí ó ní ilẹ̀ di onílé. Ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ni ó gba iwájú yunifásítì náà kọjá, ọ̀nà olókè tí ọkọ̀ ńlá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ tòun ti ẹrù, níbẹ̀ gan-an ni ìsọ̀ ti hù sí bí olú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá kan tí ó ru sìmẹ́ǹtì já síwọ̀n lójú ọ̀nà yìí, ó sì ya wọ àwọn ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Ó pa ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú wọn. Kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni ó wa ọkọ̀ náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin, níbi tí a ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ìṣètò ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ wà níbẹ̀, bí ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ilẹ̀ dànù, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, títí kan ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Iṣẹ́ kékeré-kékeré ni wọ́n lójú ẹni tí ń wá orúkọ. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí a bá sún kúrò lẹ́bàá ọ̀nà ní ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀mí ọmọ ẹnìkan.

Ìgbà tí mo ro ọ̀rọ̀ Àkùngbá mọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba 33 ni mo tó rí i pé ìrọra kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìrọra tí ó ní kí a má dá àga tuntun sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìrọra tí ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ lójú ikú. Àwọn Òyìnbó pẹ̀lú mọ èyí. Edmund Burke, ọmọ Dublin tí ó jẹ́ aṣòfin ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń pè ní baba àwọn tí ń fẹ́ kí a rọra, nítorí ìwé tí ó kọ ní 1790 láti tako ìdìtẹ̀ àwọn ará Fáránsé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí kan náà ni ó ti gbèjà àwọn ará Amẹ́ríkà ṣáájú, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó orí ni wọ́n lára. Kì í ṣe pé ó ní ojú méjì. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni ó mọ̀.

Nítorí náà mo gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnìkan bá ní kí a rọra, kí a bi í pé: ta ni ó ń san owó ìdúró náà? Bí ẹlòmíràn bá sì ní kí a yára, kí a bi òun náà pé: ta ni yóò san owó ìkánjú? Ní ti ilẹ̀ oko, àgbẹ̀ ni yóò san owó ìkánjú. Bí ilẹ̀ bá lọ, kì í padà, nítorí náà bàbá wa jàre. Ní ti ìjọba tuntun, ìlú kékeré ni yóò san án, nítorí owó kan náà ni a ó pín sí wẹ́wẹ́, owó oṣù àwọn alága yóò sì gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Níbẹ̀ náà, ó jàre. Ṣùgbọ́n ní ti ìsọ̀ Àkùngbá, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyá aláta ni ó ń san owó ìdúró, àwọn tí ó sì ní kí a dúró kì í ná nǹkan kan. Níbi tí ó bá ti rí báyìí, ìrọra ti di ìwà ìkà tí a wọ̀ ní ẹ̀wù ọgbọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Òfin ti pín owó àpapọ̀: ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àpò tí wọ́n ní ní àpapọ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ni owó náà ń gbà kọjá, ọ̀pọ̀ gómìnà sì ti sọ àpò àpapọ̀ di àpò ara wọn. Wọ́n a yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ dípò ìbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé ìpínlẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti máa di owó náà mú, pé a lè san án fún ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú kò dìbò yàn kò bá òfin mu.

Àwọn kan ń pe èyí ní àtúntò tuntun tí ó léwu. Wọ́n ní bí owó bá dé tààrà, àwọn alága yóò jẹ ẹ́. Bàbá tí ó ní kí a rọra máa ń bá wọn mi orí. Èmi kò gbà. Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1952, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀, ti fi àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn lélẹ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọba àti ìjòyè nínú wọn. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ohun àtijọ́ ní tòótọ́, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pariwo pé kí a dá a padà. Ní ti olè, n kò sọ pé alága kò lè jalè. Ṣùgbọ́n alága tí ó ń gbé Òkèàgbè, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyá rẹ̀, a sì lè bi í léèrè níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó. Ẹni tí ó di owó wa mú ní ọ̀nà jíjìn, ta ni yóò rí i kí ó tó bi í?

Nítorí náà, n kò ní bá wọn pe olùdíje wa ní ọ̀tá ìlọsíwájú, n kò sì ní dìbò fún un nítorí pé ó rọra nìkan. N ó bi í ní ohun tí ó ń ṣọ́. Bí ó bá ní oko àgbẹ̀ ni, àti àpò ìlú, àti ọ̀wọ̀ tí ó wà láàárín ìlú kan àti èkejì, èmi ni n ó kọ́kọ́ tò síwájú àpótí ìbò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àga tí ẹnìkan ti jókòó lé ni ó ń ṣọ́, kí ó má fi orúkọ àwọn bàbá wa bò ó. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a mú un, wọn kò ní kí a jókòó máa wò ó.