Ìdùnnú Tó Ṣáájú Fíìmù

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, fíìmù a di ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀dọ́ ní Ọ̀sí àti Ìlọ́fà ní Kwara: kí ni Fúnkẹ́ Akíndélé fẹ́ gbé jáde ní Kérésì, èwo ló máa gba àmì-ẹ̀yẹ lókè òkun? Àwọn kan ní asán ni kéèyàn máa yọ̀ sí ohun tí kò tíì rí. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹlẹ́sìn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wo ojú ọ̀run fún oṣù Ramadan, tó sì ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin retí Kérésì. Wọ́n á ní ti Ọlọ́run dájú, ti fíìmù kò dájú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìbòjú Ẹpa nílẹ̀ wa níbí. Odindi igi kan ni wọ́n ń gbẹ́: ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ní ojú ràbàtà ni wọ́n ń gbé borí, jagunjagun orí ẹṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ a wà lókè. Òmíràn wúwo ju kílò 20 lọ, síbẹ̀ ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì láìṣubú. Ó lè ṣubú o; gbogbo èrò ìran mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń retí ìran náà. Ẹni tó mọ ọwọ́ Aréògún, àgbà agbẹ́gilére Ọ̀sí nígbà ayé rẹ̀, ní ìdí tó fi ń retí, bí ìran náà bá sì bà á nínú jẹ́ lọ́la, ìyẹn kò sọ ayọ̀ òní di irọ́.

Ohun tí mo kọ̀ ni kí àmì-ẹ̀yẹ jẹ́ ìdí ìrètí wa. Lóòótọ́, fíìmù ti pọ̀ ju ohun tí ojú kan lè wò lọ, àwọn adájọ́ sì ń bá wa ṣà á. Láìsí ayẹyẹ fíìmù Cannes ní 2025, ọ̀pọ̀ wa kì bá tí gbọ́ nípa fíìmù My Father’s Shadow rárá. Àmọ́ nǹkan mìíràn ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Ní 2019, àwọn aláṣẹ Oscar yọ fíìmù Lionheart kúrò nínú ìdíje fíìmù ilẹ̀ òkèèrè torí Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 2022, ìgbìmọ̀ Nàìjíríà kò fi fíìmù kankan ránṣẹ́ sí wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún yẹn ni Àníkúlápó jáde, iṣẹ́ Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love ará Àgbámù ní Kwara níbí. Ní 2023, fíìmù yìí kan náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ AMVCA. Kò sí ẹni tó tún un yà láàárín ìgbà méjèèjì. Ẹni tó ti mọ ọwọ́ Kúnlé láti ìgbà The Figurine ní 2009 kò nílò ìgbìmọ̀ kankan kó tó máa retí rẹ̀.