Ṣé Ó Tọ́ Ká Gba Iṣẹ́ PowerPoint Láì Ní PowerPoint?

Àwọn àgbà ní, ẹni tó ní òun máa dá ẹ̀wù fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Òwe yìí bá àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun wí gan-an. Linux ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, LibreOffice tó sì wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Oníbàárà á wá dé, á ní òun fẹ́ template tí àwọn òṣìṣẹ́ òun á máa lò nínú PowerPoint: kí lógò dúró síbi kan, kí àwọ̀ àti fọ́ńtì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà. Àwa ò ní PowerPoint. Ṣé ó tọ́ ká gba iṣẹ́ ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan n'Íjió, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájọwà, fẹ́ lọ bá báńkì sọ̀rọ̀ owó yíyá n'Íbàdàn. Akọ̀wé wọn ló máa ṣí fáìlì wa lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, á tẹ iye irè oko sí i, á sì fi slide tuntun kún un. A ò ní sí níbẹ̀. Tí àkọlé bá gun orí lógò, tí àmì orí "Ẹgbẹ́" bá fò lọ síbi tí kò yẹ, akọ̀wé lojú máa tì, kì í ṣe àwa. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti kọ̀ǹpútà nìkan, tó di ọ̀rọ̀ ìwà: iṣẹ́ ọwọ́ wa ni, ojú ẹlòmíì ló máa gbà á.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ẹ lè wá PowerPoint tí wọ́n ti crack?" Rárá o. Tí ẹnì kan bá jí app tí àwa kọ, olè la máa pè é. A ò lè torí pé iṣẹ́ dé ká wá fún olè lórúkọ míì.

Àwọn míì á ní ká kúkú má gba iṣẹ́ tí a ò ní irinṣẹ́ rẹ̀. Èyí náà le jù. Ẹni tó ń hun òfì n'Ísẹ́yìn kì í ṣe télọ̀. Ẹlòmíì ló máa gé e, ẹlòmíì ló máa wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, níbi tí ahunṣọ ò dé. Síbẹ̀, a ò pè é ní ẹlẹ́tàn, torí ó mọ ohun tí télọ̀ máa fi aṣọ náà ṣe. Àwa náà lè mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2006 ni àjọ Ecma gbé ìlànà tí wọ́n fi ń kọ fáìlì .pptx jáde fún gbogbo ayé. ISO náà fọwọ́ sí i lọ́dún 2008. Ẹ pààrọ̀ ìrù fáìlì náà sí .zip, kẹ́ ẹ tú u: ẹ máa rí slideMasters, slideLayouts àti theme, níbi tí àwọ̀ 12 tí template ń lò wà. Àìní kì í ṣe àìmọ̀.

Àmọ́ ìmọ̀ náà ò tíì tó. Ìlànà sọ bí wọ́n ṣe ń kọ fáìlì. Kò búra pé bó ṣe rí lójú wa ló máa rí lójú akọ̀wé. Níbi tí Calibri ò bá sí, LibreOffice lè fi Carlito rọ́pò rẹ̀; fífẹ̀ lẹ́tà méjèèjì dọ́gba, ìrísí wọn ò dọ́gba. Ti èdè wa tún wá le sí i. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní: ńṣe là ń gbé àmì òkè lé ẹ lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ohun tí a rí lórí kọ̀ǹpútà wa, ẹ̀rí ìdajì ni.

Kí wá la jẹ oníbàárà? Ká sọ fún un, ká tó dá iye, pé a ò ní PowerPoint. Ká lo fọ́ńtì tó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ká sì fi àyè ọ̀rọ̀ sínú Slide Master gan-an dípò ká lẹ àwòrán mọ́ ọn. PowerPoint orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀fẹ́ fẹ́ni tó bá ní àkáǹtì Microsoft. Ká yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ká má dúró síbẹ̀. Kí akọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣí i, kó tẹ orúkọ tó gùn jù, kó fi slide kún un, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ká tó gba owó tó kù.

Òótọ́ yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó dákẹ́ lè gbà á, kó sì jẹun níbẹ̀. Ó dùn wá, àmọ́ oníbàárà ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ò fẹ́. Òwe ní kó wo ọrùn wa. Kò lè wo ọrùn tí a fi ìborùn bò.