WÚRUWÙRU

Ẹ̀kọ́: Gẹ́nẹ́sísì 1:1–10, Jòhánù 20:6–7



Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tí a kì í sábà dúró rò: wúruwùru. Irun tí a kò yà a máa rí wúruwùru. Ẹrù tí a kò dì dáadáa wà ní wúruwùru. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sórí iṣẹ́: a ní lágbájá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ wúruwùru. Ó sì ti wọ inú èdè Píjìn, tó bẹ́ẹ̀ tí Haúsá àti Ìgbò pẹ̀lú ń lò ó. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, wúruwùru ti di èrú.

Ẹ wo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà tọ̀, láti orí irun dé inú ìwé ìṣirò owó. Ọ̀nà kan náà ni ọmọ ènìyàn ń tọ̀. Oníṣòwò tí ó da owó ọjà pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ, tí ó tún kó owó èésú sínú àpò kan náà, kò pète láti jalè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí yóò kó èésú bá na ọwọ́, kí ni yóò rí gbà? Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń fọwọ́ sí ìwé láìkà á lè má gba rìbá. Síbẹ̀, inú fáìlì tí kò létò ni ẹni tí ń gbà á ń sá pamọ́ sí.

Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, júujùu ni wọ́n pe ipò tí ayé wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìbátan wúruwùru ni. Ọlọ́run kò sọ ayé náà nù. Yíyà ni ó yà á: ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, òkùnkùn lọ́tọ̀. Omi lọ́tọ̀, ìyàngbẹ ilẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sì ṣe é tán ní ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ àjíǹde pẹ̀lú, gèlè orí Olúwa wà ní kíká, lọ́tọ̀ sí aṣọ ọ̀gbọ̀ ìyókù. Ẹni tí ó ṣẹ́gun ikú kò fi ibojì sílẹ̀ wúruwùru.

Ẹ̀rí wà lójú àwa tí ń gbé Àbújá. Ní 1976 ni òfin dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀. Ètò ìlú jáde ní 1979, kí ìjọba tó kó wá láti Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni a kọ́ lòdì sí ètò náà, ìjọba sì wó wọn láàárín 2003 sí 2007. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sunkún ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀. Àwọn mìíràn ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ láti tà á. Wúruwùru ẹnì kan a máa wó ilé ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ará, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí yà á lọ́sẹ̀ yìí. Kí owó èésú wà lọ́tọ̀, àti owó tí àwọn ará ilé fi rán wa. Kí a ka ìwé kí a tó fọwọ́ sí i. Bí a bá jẹ gbèsè tí a kò mọ iye rẹ̀ mọ́, kí a pe ẹni tí ó ni owó, kí a jókòó ṣírò rẹ̀ kí òun tó pè wá.

Kí Ẹni tí ó tún ayé júujùu ṣe tún ọkàn wa ṣe. Àmín.