Ìwé Inú Bisikíìtì àti Ọ̀rọ̀ Ifá



Ẹni tó bá ti gbé Amẹ́ríkà rí mọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà tó wà ládùúgbò. Wọ́n á di ìrẹsì àti adìẹ sínú páálí fún ẹ, wọ́n á wá fi bisikíìtì kékeré kan ṣe ènì. Tó o bá fọ́ ọ, ìwé pélébé kan á jáde tó ní ọ̀rọ̀ ire nínú. Ọmọ awo mi kan tó wà ní Brooklyn bi mí pé, "Bàbá, ṣé kì í ṣe Ifá tiwọn nìyẹn? Àwa náà kì í kúkú mọ odù tó máa jáde kó tó jáde." Mi ò fi ìbéèrè yẹn ṣẹ̀rín.

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ n tibẹ̀ wọ̀ ọ́. Bisikíìtì yìí kì í ṣe ti Ṣáínà. Àwọn ará Japan tó tẹ̀dó sí California ló gbé irú rẹ̀ wá láti ilé. Ní 1942, nígbà ogun, ìjọba Amẹ́ríkà kó wọn lọ sí àgọ́ ìhámọ́, àwọn ará Ṣáínà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú o. Ifá náà bá ọkọ̀ ẹrú dé Cuba, Ifá ló ṣì ń jẹ́.

Ẹ má sì sọ pé kì í ṣẹ. Ní oṣù kẹta 2005, ènìyàn 110 ló jẹ ẹ̀bùn ipò kejì nínú lọ́tìrì Powerball. Nọ́ńbà inú bisikíìtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ta.

Níbo ni wọ́n wá ti yàtọ̀? Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò mọ̀ ẹ́, kò sì sí níbẹ̀ tó o bá padà wá bi í. Ire nìkan ló sì ń kọ, torí oníbàárà tó bá bá ọ̀rọ̀ ikú nídìí oúnjẹ rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Odù 256 tí Ifá ní, tire-tibi ló wà níbẹ̀. Tí ibi bá yọjú, èmi ni mo máa wo ojú ẹni tó wá dáfá, tí màá sọ ọ́, tí màá sì sọ ẹbọ tó máa rú. Ó mọ ilé mi.

Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa wàyí. Babaláwo tí ẹnu rẹ̀ kì í sọ ju ire lọ nítorí owó, bisikíìtì tó so idẹ mọ́ ọwọ́ ni.