Ìdánrawò Ṣáájú Ìdánwò

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ kí o tó jókòó sí ìdánwò: bí mo bá ti ṣe irú ìdánwò yìí nígbà ogún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ǹjẹ́ òye mi ni wọn yóò wọ̀n, tàbí ìgbà ogún náà?

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń gba ìjọba, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn nímọ̀ràn, tí wọ́n sì ń gba owó ọ̀yà lé e. McKinsey, tí a dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1926, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ti fi eré kan lórí kọ̀ǹpútà dán àwọn tí ń wá iṣẹ́ wò: kí olùdíje ṣa ẹranko àti ewéko tí wọ́n lè jọ gbé ibì kan, tí gbogbo wọn yóò fi rí oúnjẹ jẹ. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi ṣe àfarawé eré náà, tí wọ́n sì ń tà á.

Nílẹ̀ wa, JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, sọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì di ti kọ̀ǹpútà pátápátá ní 2015. Ní 2017 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àfidánrawò. Ìbéèrè 180 fún wákàtí méjì péré! Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè fi àkókò púpọ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìdánrawò kì í ṣe ẹ̀tàn rárá. Ìdíwọ́ ni ó mú kúrò, kí ìmọ̀ tí ó ti ní lè hàn.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ń há ìdáhùn sórí láìmọ ìdí rẹ̀. Ní Ìlọrin níhìn-ín, ilé kéú ti mọ irú ọmọ yìí tipẹ́. Ọmọ kéú a kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sára wàláà, a kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, a sì fọ wàláà kí ó tó kọ òmíràn. Èyí tí ó kàn ń tẹ̀lé ohùn ara rẹ̀ yóò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Jẹ́ kí àfáà bẹ̀rẹ̀ láàrin, kí ó ní kí ó máa bá a lọ, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ra àfarawé eré. Lẹ́yìn eré náà ni a óò gbé ọ̀ràn kalẹ̀ níwájú rẹ̀: ilé búrẹ́dì kan ń tà gan-an, síbẹ̀ èrè rẹ̀ ń dín kù; kí ni ó fà á?

Ìlọrin yìí kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú. Nínú ẹ̀kọ́ irú iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ a máa jókòó sínú ẹ̀rọ tí a ṣe bí iyàrá awakọ̀, tí kì í kúrò nílẹ̀. Edwin Link ará Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ ní 1929. Nínú àwọn ti òde òní, ẹ́ńjìnnì lè kú, kùrukùru lè bo ojú, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè jábọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìfara pa. Ta ni yóò pe èyí ní ìrẹ́jẹ? Èmi kò tilẹ̀ ní wọ ọkọ̀ ẹni tí kò ṣe é. Iṣẹ́ gan-an ni awakọ̀ yìí ń fi dánrawò. Ìdánwò nìkan ni ẹni ìṣáájú ń fi dánrawò.

O lè wí pé, “Bí èmi kò bá ṣe é, ẹlòmíràn yóò ṣe é, yóò sì gba ipò náà.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ìdánwò rẹ̀ ṣeé há sórí ti fi òṣùwọ̀n burúkú wọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ro ti ilé ìwòsàn tí ìwọ yóò gbà nímọ̀ràn lọ́la. Bí o bá ní kí wọ́n dá nọ́ọ̀sì mẹ́wàá dúró, tí o kò sì mọ ìdí rẹ̀, aláìsàn ni yóò jìyà rẹ̀.

Ti owó ṣì kù. Ọmọ aránṣọ kò lè ra ohun tí ọmọ olówó ń rà. Bí kọ̀ǹpútà bá wà nílé yín, tí ọmọ aládùúgbò kò ní, pè é. Ẹ jọ ṣe àwọn ìbéèrè àtijọ́, kí ó bi ọ́ pé “Nítorí kí ni?” lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí ìwọ náà bi í. Ìbéèrè mẹ́wàá tí ẹ bá ṣe báyìí ní ìrọ̀lẹ́ kan lè gbà yín lákòókò ju àádọ́ta tí o dá ṣe lọ.